Bí Ẹ̀yin Ọ̀rẹ́ Ṣe Lè Jọ Lọ sí Gamescom Láì Bá Ara Yín Jà Lórí Ìlà

Ohun tó ń tú ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ká ní Gamescom kì í ṣe owó. Ìlà ni. Ẹni mẹ́fà á jọ wọlé láàárọ̀, ọ̀kan á ní ọ̀dọ̀ Capcom tó ń ṣe gémù lòun ń lọ, èkejì á ní Nintendo tóun náà ń ṣe gémù, ẹ̀kẹta ò tíì jẹun, wọ́n á wá dúró sáàárín ọ̀nà máa fa ọ̀rọ̀ títí ìlà tí wọ́n ń jà lé lórí á fi kún. Lóòótọ́, ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n lè ṣe é fún ọjọ́ méjì.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ìpàtẹ gémù ni, ìlú Köln ní Jámánì ló sì ti ń wáyé lóṣù Kẹjọ láti ọdún 2009, nínú ọgbà Koelnmesse tó wà ní Deutz, létí odò Rhine. Àwọn ilé-iṣẹ́ á kó gémù tí kò tíì jáde wá, ẹ̀yin á sì fọwọ́ ara yín gbá a. Ní 2025, èèyàn 357,000 ló wá síbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè 128. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló wà nídìí gbogbo ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbà yín. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Brazil, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà: láti 2024 ni São Paulo ti ní tirẹ̀, gamescom latam.)

1. Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́

Ọjọ́rú wà fún àwọn oníṣòwò àti oníròyìn, ìwọ̀nba ará ìlú tó bá rí tíkẹ́ẹ̀tì àkànṣe gbà ló ń bá wọn wọlé. Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú ló wà fún gbogbo ayé. Tíkẹ́ẹ̀tì Àbámẹ́ta ló ń kọ́kọ́ tán, òun ló wọ́n jù, ọjọ́ náà ló sì ń kún jù. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó lè gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ á fi san owó lé owó kí èrò lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ dáadáa. Ẹ mú Ọjọ́bọ̀, bí agbára bá gbé e kí ẹ fi Ẹtì kún un. Ọjọ́ méjì tó. Ẹni tó bá ń mú ọmọ lọ́wọ́ lè dúró de ọjọ́ Àìkú.

Kò sí pé ẹ ó dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń tà á, orúkọ ẹni tó ni ín sì ń wà lára rẹ̀. Kò burú bí ẹnì kan bá jókòó ra ti gbogbo yín, ṣùgbọ́n kó gba orúkọ kálukú bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, kì í ṣe ìnagijẹ tó ń jẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó bá sì sọ fún yín lórí ẹ̀rọ ayélujára pé òun ní tíkẹ́ẹ̀tì Àbámẹ́ta mẹ́fà lọ́wọ́, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

2. Ọ̀rọ̀ físà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀

Ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, ìyẹn físà tí Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ló ń gbé tàbí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìgbélùú Britain kò ṣílẹ̀kùn Jámánì fún un. Ẹni tó bá ti gba páásípọ́ọ̀tù Britain ní tirẹ̀ kò nílò físà fún irú ìrìnàjò kúkurú bẹ́ẹ̀. 90 Yúrò ni owó físà fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Ẹ tún nílò inṣọ́ránsì ìrìnàjò tó lè gbé 30,000 Yúrò, ó kéré tán.

Òfin fàyè gbà yín láti kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Ẹ lò ó. Wọ́n á sọ fún yín pé ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, òótọ́ sì ni, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé yín ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè láti fi ìwé sílẹ̀. Àyè yẹn gan-an ni wàhálà. Nínú lẹ́tà yín, ẹ sọ ọ́ gbangba pé Gamescom lẹ ń lọ, kí ẹ so tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ìpàtẹ gémù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tijú sọ níwájú òṣìṣẹ́ físà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í fẹ́ sọ: bí wọ́n bá fún ẹni márùn-ún, tí wọn ò fún ẹnì kan ńkọ́? Kálukú ni wọ́n ń wo ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ojú gbogbo yín ṣì mọ́. Ta ni yóò san ìpín tirẹ̀ nínú owó ilé? Ṣé ẹ ó dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún un láti inú àpò gbogbogbòò? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì gba ilé tó ṣeé fagi lé láìsí owó ìtanràn.

3. Ilé àti ọ̀nà

Owó òtẹ́ẹ̀lì ní Köln máa ń fò sókè ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ wo Düsseldorf, Leverkusen tàbí Bonn. Rélùwéè S6 tó ń ti Düsseldorf gba Leverkusen bọ̀ máa ń dúró ní ibùdó Köln Messe/Deutz, tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìpàtẹ náà gan-an. Bí ẹ bá tó mẹ́rin, ilé tó ní kíṣíìnì sàn ju òtẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí ìkòkò ìrẹsì kan lálẹ́ lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yúrò.

Ẹni tó bá ti Èkó wá lè balẹ̀ sí Frankfurt. Láti pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, rélùwéè ayára-bí-àṣá tí wọ́n ń pè ní ICE á gbé e dé Köln láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹni tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá lè wọ rélùwéè Eurostar dé Brussels, kó pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Deutschlandticket. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, 63 Yúrò ni lóṣù, ó sì ń gbé èèyàn kiri gbogbo Jámánì nínú bọ́ọ̀sì, tírámù àti rélùwéè agbègbè. Kò kan ICE. Fún ẹni tí ń gbé Düsseldorf wọ Köln lójoojúmọ́, ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún. Àdéhùn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ni, ẹni tí kò bá sì fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù á san ti oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú. Ìparí oṣù Kẹjọ ni Gamescom sábà máa ń bọ́ sí. Tí ẹ bá ń retí kí ẹ dé Jámánì kí ẹ tó rà á, ọjọ́ kẹwàá ti lọ nìyẹn. Ẹ rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù láti ilé, kí ẹ sì fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí oṣù yóò fi parí.

4. Ìpàdé kan péré

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ jókòó, ìbáà jẹ́ lórí fóònù. Kí kálukú dárúkọ gémù kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ máa bàjẹ́ bí kò bá gbá a. Ẹyọ kan. Ẹni tó bá dárúkọ márùn-ún, ẹ bi í léèrè pé èwo ló máa fi wákàtí mẹ́ta dúró dè, ẹ ó rí i pé ẹyọ kan náà ló máa kù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo orúkọ àwọn tó ń bọ̀ lórí ìkànnì ìpàtẹ náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń wá lọ́dọọdún. Nintendo kò wá ní 2024, ó sì padà wá ní 2025.

Ẹ yan akápò, kí kálukú kó iye kan náà sí i lọ́wọ́ fún ọkọ̀ àti oúnjẹ tí ẹ bá jọ jẹ. Ohun tí ẹnì kan bá rà fún ara rẹ̀ kò kan àpò yìí.

Ẹ wo ọjọ́ orí pẹ̀lú. Jámánì kì í fi ọjọ́ orí gémù ṣeré rárá. Wọ́n á so bándì mọ́ yín lọ́wọ́: aláwọ̀ ewéko fún ẹni tó ti pé ọdún 12, búlúù fún ọdún 16, pupa fún ọdún 18. Àgọ́ tí gémù ọlọ́dún 18 wà ni wọ́n ń fi ògiri yí ká, kí ọmọdé tó ń kọjá má bàa rí ojú tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀. Bí ẹ bá mú àbúrò ọlọ́dún 15 dání, kì í ṣe òun ló máa tò sí ìlà gémù ọlọ́dún 18 bíi Resident Evil, bó ti wù kó ga tó. Ẹ pinnu ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà yẹn, kó má di pé gbogbo yín ń wo ara yín lójú lẹ́nu àgọ́.

5. Ohun tí ẹ ó gbé

Bàtà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀. Kì í ṣe bàtà tuntun tí ẹ rà fún fọ́tò. Báàgì kékeré, nítorí wọ́n ń tú báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ìgò omi oníke, ẹ má gbé onígíláàsì. Páwà báńkì. Páásípọ́ọ̀tù, torí láìsí ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, ẹ ò ní rí bándì pupa gbà. Owó Yúrò díẹ̀ ní bébà, nítorí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kéékèèké ní Jámánì ṣì fẹ́ràn owó tí ọwọ́ lè kà. Ẹ fi káàdì Whot kún un, mo máa sọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ múra bí akọni inú gémù, kó lọ ka òfin ìpàtẹ náà lórí ohun ìjà kó tó ran ohunkóhun. Wọn kì í gba ohun tó bá jọ ìbọn tàbí idà gidi wọlé, kò sì sí bí ẹ ṣe máa bẹ̀ wọ́n.

6. Ẹnu ọ̀nà

Nítorí pé ẹnu ọ̀nà gúúsù, Süd, ló sún mọ́ ibùdó rélùwéè jù, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ aráyé ń rọ́ lọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá gbà yín láàyè, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rìn yípo lọ sí ẹnu ọ̀nà mìíràn. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Ẹ ti wà níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, kí ẹ ti jẹun.

Ẹ tètè gba bándì, kí ẹ má sì já a kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lálẹ́.

7. Ìlà

Ìlà gígùn kan lóòjọ́ fún ẹgbẹ́ kan. Ẹ gbà mí gbọ́, òfin yìí ló ń gba ẹgbẹ́ là. Gémù tí èèyàn tó pọ̀ jù nínú yín dárúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, gbàrà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, láì yà síbì kankan. Ẹni tó bá yà láti lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ ère dírágónì ti fi wákàtí kan ṣòfò fún gbogbo yín. Ní 2025, ọ̀dọ̀ gémù Hollow Knight: Silksong àti Resident Evil Requiem ni ogunlọ́gọ̀ gbà lọ láàárọ̀. Lọ́dọọdún, irú wọn méjì tàbí mẹ́ta máa ń wà.

Lẹ́bàá ìlà, ẹ ó máa rí pátákó tó ń sọ iye àkókò tó kù láti ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ gbà á gbọ́. Bó bá sọ wákàtí mẹ́ta, tí ẹ sì ti kọjá aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí wọ́n máa ń ti ẹnu ìlà pa tipẹ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

Ẹ má ní kí ẹnì kan dúró fún gbogbo yín. Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni márùn-ún bá dédé yọ níwájú ará Jámánì tó ti ń dúró láti àárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ, yóò sì tọ̀nà. Ilé ìtọ̀ yàtọ̀: ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín kí ẹ tó lọ, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹ ó rí ohun kan níbẹ̀ tí ó máa pa yín lẹ́rìn-ín: àpótí ìjókòó tí wọ́n fi páálí ṣe. Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fún èèyàn, á ká a níbi ojú ilà rẹ̀, á ti etí rẹ̀ bọnú ara wọn, á sì jókòó lé e. Bí ìlà bá sún, gbogbo èèyàn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé páálí síwájú ní ẹsẹ̀ méjì, wọ́n á tún jókòó. Ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, ariwo páálí tó ń ha ilẹ̀ nìkan lẹ ó sì máa gbọ́. Bí ẹ bá rí i gbà, ẹ má sọ ọ́ nù, torí ó gbé àgbàlagbà, ó sì sàn ju simẹ́ńtì lọ. Níbẹ̀ ni Whot ti wúlò. Fóònù á kú kí ìlà tó dé ìdajì, káàdì kì í kú. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó wà lẹ́yìn yín á fi béèrè pé kí ẹ kọ́ òun.

Lẹ́yìn ìlà ńlá yìí, ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Ẹni méjì máa ń rìn bó ṣe wù wọ́n. Ẹni mẹ́fà ní láti ṣèpàdé kí wọ́n tó yà sọ́wọ́ òsì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sábà máa ń wà ní gbọ̀ngàn 6 sí 9. Bó bá jẹ́ èmi, mo máa lo ọ̀sán mi ní gbọ̀ngàn 10, níbi tí wọ́n sábà ń kó àwọn olùṣe gémù kéékèèké sí, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Indie Arena Booth. Ìlà ibẹ̀ kúrú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó kọ gémù náà ló máa gbé páàdì lé yín lọ́wọ́. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kò ní wo tẹlifíṣọ̀n, àtàǹpàkò yín ló máa máa wò. Bí ẹ bá ṣìnà síbi tí kò rò, ẹ ó rí i tó fa ìwé kékeré yọ, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò dà bí ilé gémù àdúgbò wa, níbi tí ẹni tó bá fìdí rẹmi ti ń dìde kíá kí wọ́n má bàa lé e. Ẹ bi onítọ̀hún ní ìbéèrè, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn.

Ẹ fi àkókò ìpàdé sí wákàtí méjì-méjì, kí ẹ sì mú ibi kan tí ẹ lè fi nọ́ńbà sọ, bí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn 8. Ẹ má sọ pé "a ó pàdé ní Boulevard." Ọ̀nà gbọọrọ tó so àwọn gbọ̀ngàn pọ̀ nìyẹn, gbogbo Köln ló ń pàdé níbẹ̀. Ẹ má sì gbọ́kàn lé WhatsApp, nítorí bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà nínú ilé kan, iṣẹ́ tí ẹ rán ní aago méjì lè wọlé ní aago mẹ́ta.

8. Oúnjẹ

Oúnjẹ inú ìpàtẹ wọ́n, ìlà tirẹ̀ náà tún wà. Ẹ ra búrẹ́dì àti èso lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì káàkiri Jámánì, àyàfi àwọn tó wà ní ibùdó rélùwéè àtàwọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ ìgò oníke òfìfo nù. Owó ìdógò 25 sẹ́ǹtì wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń tà á ló sì ní ẹ̀rọ tó ń gba ìgò náà, tó ń dá owó yẹn padà.

9. Ọjà

Gbọ̀ngàn 5 ni ìsọ̀ ẹ̀wù, ère àti ìwé àwòrán sábà máa ń wà. Ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, kì í ṣe lákọ̀ọ́kọ́, àfi bó bá wù yín láti gbé ère inú àpótí gíláàsì kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tí kì í gbé ní orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) lè gba owó orí ọjà padà bí ohun tó rà nínú ìsọ̀ kan bá ju 50 Yúrò lọ. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti béèrè bóyá wọ́n ní fọ́ọ̀mù rẹ̀.

10. Alẹ́

Ẹ rìn gba orí afárá Hohenzollern kọjá odò, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Köln, Dom, á dúró níwájú yín gẹdẹgbẹ. Bí ẹ bá jókòó nílé ọtí níbẹ̀, ife kékeré ni wọ́n fi ń bu ọtí ìlú wọn, Kölsch. Bí ife bá ti gbẹ, wọ́n á gbé òmíràn wá láì bi yín. Ẹni tó bá tó fún ni yóò fi páálí ìgbéfelé bo ẹnu ife rẹ̀. Akápò gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ìwé owó tó dé.

11. Ọjọ́ ìpadàbọ̀

Páwà báńkì kì í wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ fi í sínú báàgì ọwọ́. Ẹni tó ní fọ́ọ̀mù owó orí ọjà, kó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ní Frankfurt kó tó fi ẹrù sílẹ̀, nítorí wọ́n lè fẹ́ rí ọjà náà kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀. Akápò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ìṣirò ránṣẹ́ sí gbogbo yín kó tó wọkọ̀: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù fún kálukú. Bó bá di pé ó délé, tí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé gbà á mọ́ra, ẹ ó máa béèrè owó yẹn títí di Kérésì.